Fídíò, ọ́ńpáyà àti ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn: àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí nípa bésíbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà

Ẹni tó bá ti ń wo bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ láti kékeré, tó wá dé Amẹ́ríkà, tó jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ń gbá bésíbọ́ọ̀lù, ohun méjì ló máa ń yà á lẹ́nu. Èkíní, eré náà kì í parí bọ̀rọ̀. Èkejì, àwọn adájọ́ orí pápá á ṣàdédé dúró, wọ́n á fi ẹ̀rọ sétí, wọ́n á wá máa wo ilẹ̀ bí ẹni tó ń retí kí wọ́n já ìpè gbà lókè òkun. Kí ni wọ́n ń ṣe? Ta ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀? Àwọn ará ilé ń bi mí, àwa tí a jọ wà ní Houston níbí náà ń bi mí. Mo kó ìdáhùn jọ síbí kí n lè sinmi.

Ọ́ńpáyà yìí, ṣé rẹfirí ni?

Rẹfirí ni, àmọ́ iṣẹ́ tirẹ̀ pọ̀ ju ti rẹfirí bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ lọ, nítorí kò sí nǹkan kan nínú bésíbọ́ọ̀lù tí kì í dúró de ẹnu rẹ̀. Mẹ́rin ni wọ́n nínú ìdíje ojoojúmọ́. Ọ̀kan wà nílé, lẹ́yìn ahánbọ́ọ̀lù (ẹni tó ń gba bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá jù), àwọn mẹ́ta yòókù pín béèsì mẹ́ta mọ́ra wọn lọ́wọ́.

Fún ẹni tí kò mọ eré náà rárá: ẹnì kan ń ju bọ́ọ̀lù, onígi á gbìyànjú láti gbá a. Tó bá gbá a, á sáré lọ sí béèsì kìíní, ìkejì, ìkẹta, títí á fi padà dé ilé tó ti gbéra. Ìyẹn ni àmì ayò kan. Bí bọ́ọ̀lù bá ṣáájú rẹ̀ dé ọwọ́ ẹni tó ń ṣọ́ béèsì kìíní, áòtù ni, ó gbọ́dọ̀ jáde. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ṣáájú, séèfù ni, ó dúró síbẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tó wà láàárín méjèèjì kò tó kí ènìyàn ṣẹ́jú.

Mo fẹ́ràn bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní béèsì kìíní. Ọ́ńpáyà kò lè wo ẹsẹ̀ nílẹ̀ kó sì tún wo ọwọ́ lókè lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ ni pé kó tẹjú mọ́ béèsì kó lè rí ẹsẹ̀, kó sì fi etí retí ìró bọ́ọ̀lù tó bọ́ sínú ìbọ̀wọ́. Èyí tó bá kọ́kọ́ dé, òun ni yóò pè. Ìdajì ẹjọ́ náà, etí ló ń dá a. Ẹ wá fojú inú wo ọ̀kẹ́ méjì ènìyàn tí wọ́n ń pariwo yí i ká.

Kí ló dé tí wọ́n fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó gba fídíò láyè?

Ìgbéraga díẹ̀, àṣà díẹ̀. NFL, ìyẹn líìgì American football tiwọn, ti dán fídíò wò láti ọdún 1986. Bésíbọ́ọ̀lù kò yíjú síbẹ̀ títí di oṣù Kẹjọ ọdún 2008. Ohun tí àwọn àgbà eré náà ń sọ ni pé àṣìṣe ọ́ńpáyà wà lára eré, bí òjò àti oòrùn ṣe wà lára rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn, pàápàá létí ẹni tí àṣìṣe náà ṣe láǹfààní.

Ẹ lọ sọ ọ́ fún àwọn ará St. Louis. Lọ́jọ́ 26 oṣù Kẹwàá ọdún 1985, nínú ìdíje kẹfà World Series (àṣekágbá líìgì náà, tí ẹni tó bá kọ́kọ́ borí lẹ́ẹ̀mẹrin ń gbé ife), St. Louis Cardinals ń fi ayò kan sí òdo lu Kansas City Royals. Abala kẹsàn-án, tó jẹ́ abala ìkẹyìn, ti dé. Áòtù mẹ́ta péré ló kù kí wọ́n gbé ife. Jorge Orta ti Kansas City gbá bọ́ọ̀lù kan jẹ́jẹ́, wọ́n jù ú fún Todd Worrell ní béèsì kìíní, bọ́ọ̀lù sì ṣáájú ẹsẹ̀ dé. Ọ́ńpáyà Don Denkinger pè é ní séèfù. Tẹlifíṣọ̀n fi í hàn lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tún fi í hàn. Gbogbo ilé lórílẹ̀-èdè náà ló rí i. Ẹnì kan ṣoṣo tí kò láṣẹ láti wò ó ni ẹni tó dá ẹjọ́ náà.

Kansas City gba ayò méjì, wọ́n borí. Lọ́jọ́ kejì wọ́n fi 11 sí òdo na Cardinals, wọ́n sì gbé ife lọ. Ohun tí àwọn ará St. Louis kì í fẹ́ kí ẹ rán wọn létí ni pé Orta fúnra rẹ̀ kò délé rí: wọ́n mú un áòtù ní béèsì kẹta kí ayò kankan tó wọlé. Ẹgbẹ́ wọn ṣì ní àyè láti tún nǹkan ṣe. Síbẹ̀, Denkinger ni wọ́n ń kọ lẹ́tà ìdẹ́rùbà sí, orúkọ rẹ̀ kò sì bọ́ lẹ́nu wọn títí ó fi kú lọ́dún 2023.

Nígbà tí wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ ní 2008, kí ni wọ́n ń fi fídíò wò?

Home run nìkan, ìyẹn bọ́ọ̀lù tí onígi gbá tó fò kọjá ògiri pápá. Ṣé ó kọjá lóòótọ́? Ṣé inú ìlà ló gbà àbí òde? Ṣé òǹwòran kan na ọwọ́ hán an? Wọ́n kọ́kọ́ lò ó lọ́jọ́ 3 oṣù Kẹsàn-án ọdún náà ní Tropicana Field, lórí bọ́ọ̀lù tí Alex Rodriguez ti New York Yankees gbá. Ìdájọ́ kò yí padà. Ọjọ́ 19 oṣù kan náà, ní pápá kan náà, ni ti Carlos Peña kọ́kọ́ yí padà di home run.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín. Nínú World Series ọdún 2009 ní Philadelphia, Rodriguez yìí kan náà gbá bọ́ọ̀lù, ó lọ ba kámẹ́rà tẹlifíṣọ̀n kan tó na orí kọjá ògiri, ó sì bọ́ padà sínú pápá. Wọ́n ní kó dúró ní béèsì kejì. Wọ́n lọ wo fídíò, wọ́n rí i pé kámẹ́rà ni bọ́ọ̀lù bà, wọ́n sọ ọ́ di home run. Kámẹ́rà tó yẹ kó jẹ́ ẹlẹ́rìí ló di ara ọ̀ràn.

Àwọn ènìyàn máa ń dárúkọ Galarraga bí ẹni ń dárúkọ òkú. Kí ló ṣe é?

Kò kú o. Ó ṣe ohun tí ẹni ogún péré ti ṣe ṣáájú rẹ̀ nínú ìtàn líìgì ńlá, wọn ò kàn kọ ọ́ sílẹ̀ fún un ni.

Ìdíje pípé ni kí ajubọ́ọ̀lù kojú onígi mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, kí ẹyọ ẹnì kan má dé béèsì kìíní. Armando Galarraga, ọmọ Venezuela, ajubọ́ọ̀lù Detroit Tigers tí kì í ṣe ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, ti rán mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n padà lọ́jọ́ 2 oṣù Kẹfà ọdún 2010, nínú ìdíje pẹ̀lú àwọn ará Cleveland. Jason Donald ni ìkẹtàdínlọ́gbọ̀n. Ó gbá a, Miguel Cabrera gbé e, ó jù ú fún Galarraga fúnra rẹ̀ tó ti sáré dé béèsì kìíní. Bọ́ọ̀lù dé, ẹsẹ̀ Galarraga wà lórí béèsì, Donald ṣì kù díẹ̀ kó débẹ̀. Ọ́ńpáyà Jim Joyce na apá méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́: séèfù!

Ẹ wá fídíò rẹ̀ wò. Kì í ṣe ti Joyce ni kí ẹ wò, ojú Galarraga ni. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Kò bú ẹnikẹ́ni, kò ju ìbọ̀wọ́ mọ́lẹ̀. Ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀, ó rán onígi kejìdínlọ́gbọ̀n lọ sílé, Detroit sì borí pẹ̀lú 3 sí òdo.

Lẹ́yìn ìdíje ni Joyce wo fídíò nínú yàrá àwọn ọ́ńpáyà. Kò wá àwáwí. Ó jáde sọ fún àwọn oníròyìn pé òun ba tọ̀hún jẹ́, ó sì bẹ Galarraga tomijé-tomijé. Lọ́jọ́ kejì, ó tún yẹ kí ó ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ahánbọ́ọ̀lù ní pápá yẹn kan náà. Ìwé orúkọ àwọn eléré ni wọ́n máa ń fún ọ́ńpáyà kí eré tó bẹ̀rẹ̀, mánẹ́jà ló sì sábà máa ń gbé e wá. Galarraga ni Detroit rán. Joyce gbà á, ó ń nu ojú.

Bud Selig tó jẹ́ ọ̀gá àgbà líìgì nígbà náà kọ̀ láti yí àkọsílẹ̀ padà. Ilé-iṣẹ́ Chevrolet fún Galarraga ní mọ́tò Corvette. Mo mọ ẹni tó sọ pé mọ́tò dára ju àkọsílẹ̀ lọ. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀.

Bí fídíò bá wà fún irú rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ìṣẹ́jú kan péré ni ìbá gbà. Àmọ́ home run nìkan ni òfin ìgbà yẹn gbà láyè.

Kí ló dé tó jẹ́ New York ni wọ́n ti ń wò ó? Ṣé kò sí tẹlifíṣọ̀n lórí pápá ni?

Ó wà. Àwọn ọ́ńpáyà fúnra wọn ni wọ́n ń wọlé lọ wò ó láti 2008 sí 2013, lórí tẹlifíṣọ̀n kékeré kan lábẹ́ àga àwọn òǹwòran. Ibẹ̀ ni ìṣòro wà: ẹni tó dá ẹjọ́ ni wọ́n tún ní kó gbọ́ ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lórí ìdájọ́ ara rẹ̀.

Lóṣù Karùn-ún ọdún 2013 ní Cleveland, Adam Rosales ti Oakland gbá bọ́ọ̀lù kan tó ba irin òkè ògiri. Home run ni, ẹni tó ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n rí i. Àwọn ọ́ńpáyà tí Angel Hernandez jẹ́ olórí wọn wọlé lọ wo fídíò, wọ́n jáde, wọ́n ní kì í ṣe home run. Lọ́jọ́ kejì, líìgì fẹnu ara wọn jẹ́wọ́ pé ìdájọ́ náà kò tọ̀nà. Wọ́n wo fídíò, wọ́n tún ṣìnà!

Lóṣù Kìíní ọdún 2014, líìgì fọwọ́ sí ètò tuntun tí àgbà mẹ́ta nínú eré náà, Joe Torre, Tony La Russa àti John Schuerholz, jọ gbé kalẹ̀. Gbogbo àwòrán kámẹ́rà láti pápá ọgbọ̀n, yàrá kan ní Manhattan ni wọ́n ń darí wọn sí. Àwọn ọ́ńpáyà líìgì yìí kan náà ni wọ́n jókòó síbẹ̀. Wọ́n ń gba iṣẹ́ náà ṣe láàárín ara wọn, bí ẹni yí iṣẹ́ òru ká. Ohun tí wọ́n bá sọ ni abẹ gé, kò sí ilé ẹjọ́ mìíràn lókè rẹ̀.

Ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún náà ni wọ́n kọ́kọ́ lò ó. Mánẹ́jà Chicago Cubs, Rick Renteria, ló kọ́kọ́ pe ẹjọ́, wọ́n dá a padà. Lọ́jọ́ yẹn náà ni mánẹ́jà Atlanta, Fredi González, pe tirẹ̀ lórí Ryan Braun ní Milwaukee, séèfù sì di áòtù. Ọdún yẹn, nǹkan bí ìdajì àwọn ẹjọ́ tí wọ́n pè ló yí padà. Ẹ tún ìyẹn kà, kí ẹ wá ronú sí gbogbo ọdún tó ti kọjá ṣáájú rẹ̀.

Mo rí mánẹ́jà tó ń gbé ọwọ́ sókè. Ṣé ó ń bínú ni?

Rárá, ó ń ní kí wọ́n dúró ná. Bí ìdájọ́ kan bá jáde tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ dá ọ́ńpáyà dúró lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ní láti pinnu bóyá yóò pe ẹjọ́. Tẹ́lẹ̀ ọgbọ̀n ni, ó di ogún lọ́dún 2020, wọ́n sọ ọ́ di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní 2023.

Láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn ni eré gidi wà. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní òṣìṣẹ́ kan nínú yàrá lẹ́yìn, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó máa wo fídíò. Á sáré wò ó, á pe fóònù tó wà níbi tí ẹgbẹ́ jókòó sí. Ẹ wo ẹni tó gbé fóònù náà sétí: bó bá mi orí, mánẹ́jà á sọ ọwọ́ kalẹ̀, eré á tẹ̀ síwájú. Bó bá nawọ́ sí pápá, ẹjọ́ ti délẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kan ni mánẹ́jà láǹfààní láti pe ẹjọ́ nínú ìdíje ojoojúmọ́. Bó bá jàre, àǹfààní náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá jẹ̀bi, ó tán. Nínú àwọn ìdíje ìparí sáà, ẹ̀ẹ̀mejì ni. Láti abala kẹjọ lọ, olórí ọ́ńpáyà lè pè é fúnra rẹ̀ bí mánẹ́jà ò bá ní àǹfààní kankan mọ́. Nígbà náà ni ọ́ńpáyà á fi ẹ̀rọ sétí. Ṣé ẹ rí i? Kì í wo nǹkan kan. Ó ń gbọ́ ohun tí New York bá sọ ni. Láti ọdún 2022, ó tún ní máìkì tó fi ń kéde rẹ̀ fún gbogbo pápá, àwọn kan nínú wọn sì ti wá di oníwàásù.

Kí ni ìyàtọ̀ láàárín "confirmed" àti "stands"? Ṣé kì í ṣe ìkan náà ni?

Ìbéèrè tó dára jù lọ nìyí, òun náà ló sì ń dá ìjà sílẹ̀ jù.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ẹjọ́ lè gbà parí. "Overturned": fídíò fi hàn gbangba pé ọ́ńpáyà ṣì í, ìdájọ́ yí padà. "Confirmed": fídíò fi hàn gbangba pé ó gbà á. "Stands": fídíò ò fi nǹkan kan hàn tó dájú, nítorí náà ohun tí ọ́ńpáyà kọ́kọ́ sọ lórí pápá ló dúró.

Ẹ̀kẹta yẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Wọ́n rò pé New York ń bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ láti ìpìlẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ń ṣe bíi ti ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn níbi gbogbo: ẹni tó pe ẹjọ́ ló gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rí tó ṣe kedere wá. Bí ẹ̀rí bá ṣe bákan-bàkan, adájọ́ àkọ́kọ́ ló jàre. Ìyẹn ni pé eré kan náà, fídíò kan náà, lè di áòtù bí ọ́ńpáyà bá kọ́kọ́ pè é ní áòtù, kó sì di séèfù bó bá kọ́kọ́ pè é ní séèfù. Ìdájọ́ méjèèjì á sì bófin mu.

Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ tí ènìyàn ń sọ pé fídíò ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọ́ńpáyà, ẹ má dá a lóhùn. Ojú àkọ́kọ́ yẹn, tó ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láàárín ariwo, ṣì ni òṣùwọ̀n tó wúwo jù.

Ẹ fún wa ní àpẹẹrẹ kan tí ọ̀rọ̀ ti le dé góńgó.

Kò jìnnà. Ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá ọdún 2025, Toronto, ìdíje keje World Series láàárín Blue Jays àti Los Angeles Dodgers. Abala kẹsàn-án, ayò 4 sí 4, Toronto kún béèsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, áòtù kan péré. Bí ẹnì kan bá délé, Toronto gbé ife fún ìgbà àkọ́kọ́ láti 1993.

Daulton Varsho gbá a nílẹ̀. Miguel Rojas hán an, ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ yẹ̀, ó jù ú sílé. Nítorí pé béèsì kún, ahánbọ́ọ̀lù Will Smith ò nílò kó fi bọ́ọ̀lù kan ẹnikẹ́ni; kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan béèsì ilé, kí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó tán. Isiah Kiner-Falefa sì ń bọ̀ láti béèsì kẹta, ó fi ara fà nílẹ̀. Smith gba bọ́ọ̀lù, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbéra kúrò lórí béèsì, ó tún sọ̀ kalẹ̀. Ta ló ṣáájú?

Ọ́ńpáyà ní áòtù. Wọ́n wò ó ní New York. Áòtù náà ni. Fọ́nrán kan báyìí ló wà láàárín ọ̀nà tí ìlú kan gbà sùn àti èyí tí ìbá gbà jó mọ́jú. Ayò ṣì dọ́gba, nítorí náà eré gùn kọjá abala kẹsàn-án. Abala kọkànlá ni Will Smith yìí kan náà gbá home run tó fi 5 sí 4 parí ọ̀rọ̀.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan ní Kánádà ṣì ń dá fídíò náà dúró lórí fóònù wọn. Mo ti wò ó títí. Mo gbà pé áòtù ni, ṣùgbọ́n mo dúpẹ́ pé kì í ṣe èmi ló wà níbẹ̀ láti pè é láìsí fídíò.

Ṣé VAR náà kọ́ nìyí?

Ìbátan ni wọ́n, wọn kì í ṣe ìbejì. VAR, ìyẹn fídíò ti bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, ń yẹ nǹkan wò fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé kóòṣì kankan pè é, rẹfirí á sì sáré lọ wo tẹlifíṣọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá kó tó pinnu. Nínú bésíbọ́ọ̀lù, bí o ò bá pe ẹjọ́, ẹ̀jẹ̀ rẹ ń bẹ lọ́rùn rẹ. Ọ́ńpáyà ò sì ní wo fídíò. Bí ẹ bá bi mí, tiwọn yìí dára ju VAR lọ ní apá kan: rẹfirí tí wọ́n ní kó wá tún ojú ara rẹ̀ wò níwájú ọ̀kẹ́ mẹ́ta ènìyàn, ṣé adájọ́ nìyẹn àbí olùjẹ́jọ́?

Kí ni wọn kì í fi fídíò wò?

Bóyá onígi fi igi náà dé ibi tó fi yẹ kó di strike (jíjù tí wọ́n kà sí onígi lọ́rùn), àbí ó dá a dúró kó tó dé bẹ́ẹ̀: wọn kì í wò ó. Bọ́ọ̀lù tó bọ́ sílẹ̀ nítòsí onígi, bóyá inú ìlà ni àbí òde: wọn kì í wò ó. Strike àti ball (jíjù tó gba òde ibi tó yẹ), láti ilẹ̀ wá: wọn kì í wò ó. Àmọ́ ti strike ti ń yí padà, mo ń bọ̀ níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí wọ́n fi mú ẹni tó ń sáré áòtù nígbà tó ti dé béèsì tipẹ́?

Ìka ẹsẹ̀ ni. Ẹni tó sáré tó sì fi ara fà dé béèsì sábà máa ń ta sókè díẹ̀ bí ara rẹ̀ bá gbá béèsì. Fún ìṣẹ́jú kékeré tí ojú lásán ò lè rí, kò sí ibi kankan lára rẹ̀ tó kan béèsì. Láti ayébáyé, séèfù ni. Àmọ́ láti ìgbà tí fídíò ti dé, ẹni tó ń ṣọ́ béèsì kì í gbé ìbọ̀wọ́ tí bọ́ọ̀lù wà nínú rẹ̀ kúrò lára ẹni tó sáré wá mọ́. Á tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, kí mánẹ́jà lè pe ẹjọ́. Kámẹ́rà á sì rí àlàfo tí kò nípọn ju ewé lọ.

Ó bófin mu. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀. Nítorí ti Denkinger àti ti Joyce ni wọ́n ṣe gbé ètò yìí kalẹ̀, àṣìṣe tí ọmọdé lè rí. Wọ́n ti wá ń fi dá ẹjọ́ èékánná.

Òótọ́ ni pé Houston tiwa fi yàrá fídíò jalè?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra sọ ọ́, àwọn aládùúgbò mi ń gbọ́.

Òótọ́ ni. Ahánbọ́ọ̀lù máa ń fi ìka ṣe àmì fún ajubọ́ọ̀lù kó lè mọ irú bọ́ọ̀lù tí yóò jù. Bí onígi bá mọ àmì náà, ó ti mọ ohun tó ń bọ̀. Ẹ sì rántí pé ètò 2014 fi yàrá kan sí ẹ̀yìn ibi tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan jókòó sí, tí àwòrán kámẹ́rà ń wọlé síbẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀rí ẹjọ́ nìkan ló yẹ kí wọ́n máa wá níbẹ̀. Lọ́dún 2017, àwọn òṣìṣẹ́ Astros, ẹgbẹ́ Houston, bẹ̀rẹ̀ sí í fi wo ìka ahánbọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ kejì. Nígbà tó yá, wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n kan sí ọ̀nà abẹ́lẹ̀ nítòsí ibi tí wọ́n jókòó sí, wọ́n sì ń fi igi gbá agbọ̀n ìdọ̀tí láti ta onígi lólobó. Ìlù àyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ wá di ìlù agbọ̀n ìdọ̀tí! Ọdún yẹn ni wọ́n gba World Series.

Ọjọ́ 13 oṣù Kìíní ọdún 2020 ni ọ̀gá líìgì, Rob Manfred, gbé àbájáde ìwádìí jáde. Wọ́n bu owó ìtanràn mílíọ̀nù márùn-ún dọ́là lé wọn, wọ́n gba ẹ̀tọ́ wọn láti yan ọ̀dọ́ eléré ní ìpele kìíní àti ìkejì fún ọdún méjì, wọ́n dá mánẹ́jà A.J. Hinch àti ọ̀gá Jeff Luhnow dúró fún ọdún kan, ẹgbẹ́ náà sì lé àwọn méjèèjì lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Wọn ò fìyà jẹ eléré kankan, wọn ò sì gba ife. Ní oṣù Kẹrin ọdún kan náà, wọ́n dá òṣìṣẹ́ tó ń wo fídíò fún Boston Red Sox dúró fún sáà 2020 nítorí irú ìwà bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2018.

Láti 2022, ọ̀pọ̀ ahánbọ́ọ̀lù kì í fi ìka ṣe àmì mọ́. Ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní PitchCom ni wọ́n ń tẹ̀, ajubọ́ọ̀lù á sì gbọ́ ọ nínú fìlà rẹ̀.

Wọ́n ní ẹ̀rọ ti ń pe strike báyìí. Kí ni iṣẹ́ ọ́ńpáyà mọ́?

Ọ́ńpáyà náà ló ṣì ń pè é. Lóṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, líìgì fọwọ́ sí i pé láti sáà 2026, eléré lè pe ẹjọ́ lórí strike àti ball. Ètò náà ni wọ́n ń pè ní ABS (Automated Ball-Strike). Kámẹ́rà méjìlá ló ń tọ bọ́ọ̀lù lẹ́yìn. Ẹjọ́ méjì ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní, èyí tí wọ́n bá jàre lórí rẹ̀ kò dín kù. Mánẹ́jà ò lè dá sí i: onígi, ajubọ́ọ̀lù tàbí ahánbọ́ọ̀lù nìkan ló lè pè é, lójú ẹsẹ̀, kó fọwọ́ kan orí ara rẹ̀. Àwòrán á jáde lórí pátákó ńlá, gbogbo pápá á rí i.

Ibi tó yẹ kí bọ́ọ̀lù gbà dá lórí gíga onígi: láti ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún gíga rẹ̀ dé ìdá 53.5. Fún ìdí èyí ni wọ́n ṣe wọn gbogbo eléré láìwọ bàtà. Ó ṣẹlẹ̀ pé àwọn kan nínú wọn ti ń fi gíga parọ́ tipẹ́.

Nígbà tí wọ́n dán an wò níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, díẹ̀ ju ìdajì ẹjọ́ lọ ló yí padà, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò sì gbà tó ìṣẹ́jú àáyá 15 ní ìpíndọ́gba. Àwọn ará Kòríà ti ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ: láti 2024, ẹ̀rọ ló ń pe gbogbo rẹ̀ nínú líìgì tiwọn, ọ́ńpáyà kàn ń tún ohun tó gbọ́ létí sọ ni. Japan ní ètò ìbéèrè fídíò tiwọn láti 2018.

Ti Amẹ́ríkà yìí tẹ́ mi lọ́rùn ju ti Kòríà lọ. Ẹjọ́ méjì péré mú kí ọgbọ́n wọ ọ̀rọ̀ náà: ṣé kí n lò ó báyìí, àbí kí n fi pa mọ́ de abala kẹsàn-án?

Mo ń lọ sí pápá lọ́jọ́ Sátidé. Kí ni kí n máa wò?

Ẹ wá àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ béèsì kìíní, kí ẹ lè máa wo ibi tí ẹgbẹ́ kejì jókòó sí, ní ọ̀kánkán. Bí ìdájọ́ tó le bá wáyé, ẹ má wo pátákó, ẹ má wo ọ́ńpáyà. Ẹ wo ẹni tó di fóònù mú. Kí mánẹ́jà tó gbé apá sílẹ̀, ẹ ó ti rí èsì lójú rẹ̀.